Oúnjẹ Ìpamọ́ fún Ọjọ́ Tí Ọjà Kò Ní Ṣeé Lọ: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Lẹ́tà tí a gbà lórí títọ́jú oúnjẹ pamọ́ pọ̀ ju èyí tí ojú-ewé yìí lè gbà lọ. Mo ti kó àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọra pọ̀, mo sì yan díẹ̀ láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí mo gbà pé ìdáhùn wọn yóò ṣe ọ̀pọ̀ ilé láǹfààní. Kí ẹ tó kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń pè ní oúnjẹ ìpamọ́: oúnjẹ tí ilé yín ń jẹ lójoojúmọ́ ni, tí ẹ rà tàbí tí ẹ ṣe ní ìwọ̀n tó lé díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì ń jẹ èyí tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ kí ẹ tó kan tuntun. Oúnjẹ àjèjì tí a rà sínú páálí tí a sì gbàgbé sábẹ́ ibùsùn, ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ gan-an ni a máa ń rí i pé kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ọlọ́mọ mẹ́rin ni mí, ìyá ọkọ mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n sé gbogbo ènìyàn mọ́lé ní ọdún 2020, gààrí ilé wa tán láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àpò kan tí a sì rà lẹ́yìn ìgbà náà bu, ó so pọ̀ di kùlùkùlù. Báwo ni mo ṣe lè mọ iye oúnjẹ tó yẹ kí n máa ní nílé, báwo sì ni kí n ṣe tọ́jú gààrí tí kò fi ní bàjẹ́? Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ìyá wa. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde ìsémọ́lé náà, tiwa ní ìpínlẹ̀ Ògùn sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ẹni tí kò ní nǹkan kan nílé rí láti fi múra, ẹni tí owó kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kò rí nǹkan kan ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ìdílé kọ̀ọ̀kan fojú sùn, kí wọ́n sì máa kó o jọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ara bá rọ̀ wọ́n.

Ẹ má ṣe fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Ẹ mú kóńgò kan, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ iye gààrí, ìrẹsì, ẹ̀wà àti èlùbọ́ tí ilé yín jẹ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá fẹ́ fi ohun mìíràn yẹ ìṣirò náà wò, àwọn àjọ tó ń pín oúnjẹ fún àwọn tí ìjàǹbá lé kúrò nílé máa ń ṣírò kalori 2,100 fún ẹnì kan lójúmọ́, èyí tí ó sún mọ́ giramu 400 oúnjẹ gbígbẹ bí ìrẹsì tàbí àgbàdo, giramu 60 ẹ̀wà àti giramu 25 òróró. Bí bàbá àwọn ọmọ bá wà nílé pẹ̀lú yín, ẹ̀yin méje ni, ohun tí ẹ ó nílò fún ọ̀sẹ̀ méjì yóò sì sún mọ́ kílò 39 oúnjẹ gbígbẹ, kílò 6 ẹ̀wà, àti epo pupa tàbí òróró tí kò tó lítà 3. Ó lè dà bí ẹni pé ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi kóńgò kan péré kún ohun tí ẹ máa ń rà ní ọjà Òkè-Àjẹ nígbàkigbà tí ẹ bá lọ, yóò pé láìjẹ́ pé owó oúnjẹ oṣù kankan dàrú. Ẹ kọ oṣù àti ọdún sára ike kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó pẹ́ jù máa wà níwájú.

Ní ti gààrí tó bu, omi ni ó bà á jẹ́. Gààrí Ìjẹ̀bú tí a yan dáadáa máa ń gbẹ, ó máa ń fẹ́lẹ́, ó sì máa ń dún lábẹ́ ìka bí a bá fi ọwọ́ rà á. Òṣùwọ̀n àgbáyé fún gààrí sì sọ pé omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 12 nínú 100 lọ. Bí a bá gbé àpò gààrí kalẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lásìkò òjò, yóò máa fa omi láti ilẹ̀ àti láti inú afẹ́fẹ́ títí yóò fi so pọ̀. Nígbà tí ẹ bá rà á dé, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ nínú oòrùn fún wákàtí díẹ̀ ní ibi tí eruku ọ̀nà kò lè dé, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó dà á sínú ike, nítorí pé gààrí tí a dé mọ́ ike nígbà tó ṣì gbóná yóò làágùn sínú ara rẹ̀. Ike tí ìdérí rẹ̀ há dáadáa ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gbé e sórí pákó. Èyí tí ẹ ń bù jẹ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ wà nínú ike ńlá. Ẹ ní ike kékeré kan fún un, kí ẹ má baà máa ṣí ìpamọ́ náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Gààrí tó bá ti bu, tí ẹ rí ohun funfun, dúdú tàbí aláwọ̀ ewé lára rẹ̀, ẹ má ṣe sá a kí ẹ tún jẹ ẹ́. Àwọn ohun tó ń hù wọ̀nyí lè fi oró sílẹ̀ nínú oúnjẹ, iná ìdáná kò sì lè pa oró náà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀pà, àgbàdo àti èlùbọ́ tó bá bu.

Ọ̀rọ̀ èkúté ṣe pàtàkì ju ti omi lọ, ó sì máa ń dùn mí pé a kì í sọ ọ́ tó. Ìbà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní ọdún 1969, máa ń ti ara èkúté kan wọ ara ènìyàn nípasẹ̀ ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó bá kan oúnjẹ. Gbogbo wa ní Ìjẹ̀bú ni a sì ń mu gààrí: omi tútù, ṣúgà, ẹ̀pà, a ti gbé e sẹ́nu. Kò sí iná kankan láàárín ike àti ẹnu wa tí yóò pa ohun tí èkúté bá fi sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, àpò tí a so ní okùn kò tó fún gààrí, nítorí èkúté ń jẹ àpò lu. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ èkúté nínú gààrí, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ má ṣe ṣa ìgbẹ́ náà kúrò kí ẹ sì fi èyí tó kù tẹbà.

Bí ẹ bá ní ilẹ̀ oko lẹ́yìn ilé, ẹ má ṣe gbàgbé pé ẹ̀gẹ́ tí a kò tí ì wú jẹ́ oúnjẹ ìpamọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í lò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú nínú, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ilẹ̀ lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tó ti gbó. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń bẹ ẹni tó bá fẹ́ yan gààrí ní ọjọ́ ìṣòro ni kí ó má ṣe gé ọjọ́ kíkan rẹ̀ kúrú. Ẹ̀gẹ́ ní oró cyanide nínú. Rírin, kíkan, fífún omi rẹ̀ àti yíyan ni ó ń lé oró náà jáde, ilé tí ebi sì ń lé ni ó máa ń fẹ́ yára jù.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, èmi àti àwọn aládùúgbò mi jọ ra màlúù kan, a pín in, tiwa sì kún fírísà. Iná lọ ní ọjọ́ kejì, kò padà títí di ọjọ́ kẹfà. Ìyàwó mi ní kí a da gbogbo rẹ̀ nù, ìyá mi ní kí a bọ̀ ọ́ dáadáa kí a sì dín in. Ta ni ó tọ̀nà? Bàbá Ìbejì, Ṣàgámù.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àfaradà, Bàbá Ìbejì. Ìyàwó yín ni ó tọ̀nà ní ti èyí tó ti rọ̀. Ìmọ̀ràn màmá yín ìbá dára gan-an bí ẹ bá ti lò ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí iná lọ.

Fírísà tó kún, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè pa òtútù rẹ̀ mọ́ fún nǹkan bí wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì kò ju wákàtí 24 lọ, ara fíríìjì kò sì kọjá wákàtí 4. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ṣí i láti wá omi tútù ni wákàtí náà ń dín kù. Ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ sọ ti kọjá agbára fírísà èyíkéyìí tí kò sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Yìnyín ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé òórùn. Ẹran tí ẹ bá rí yìnyín nínú rẹ̀, tàbí tó ṣì tutù bí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti inú fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ lè sè é lójú ẹsẹ̀ tàbí kí ẹ dá a padà sínú òtútù. Ẹran tó ti rọ̀ tí ó sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ, ẹ dà á nù bí kò tilẹ̀ rùn. Láàárín ìwọ̀n ìgbóná 5 àti 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti máa ń pọ̀ sí i kíákíá. Àwọn kan nínú wọn máa ń tu oró sínú oúnjẹ, bíbọ̀ sì lè pa kòkòrò náà kí oró rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo mọ̀ bí ó ṣe ń dun ènìyàn tó láti da ẹran tí ó fi owó gidi rà nù, pàápàá ní àkókò yìí, ṣùgbọ́n owó ilé ìwòsàn fún gbogbo ilé yóò ju owó ẹran náà lọ.

Ojú-òpó iná orílẹ̀-èdè yìí dákú lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ó ṣe múra de ẹ̀ẹ̀kan tó ń bọ̀. Ẹ da omi sínú ìgò ike, kí ẹ má kún un dé ẹnu, kí ẹ sì fi dí gbogbo àyè tó ṣófo nínú fírísà. Bí iná bá lọ, yìnyín inú ìgò yẹn yóò ran ẹran lọ́wọ́, nígbà tó bá sì yọ́, omi mímu ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí iná kò tí ì dé, ẹ má ṣe dúró kí wákàtí 48 pé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé ẹran jáde, kí ẹ gé e tínínrín, kí ẹ fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà bọ̀ ọ́, kí ẹ wá dín in títí omi yóò fi tán nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ yan án lórí iná èédú tí kò le. Ẹja ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, nítorí pé ó máa ń tètè bàjẹ́ ju ẹran lọ. Ẹja tí a sun gbẹ kanrankanran lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bí a bá ń tún un yan lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n èyí tí a sun tó ṣì rọ̀ nínú, tí a máa ń rà fún ọbẹ̀ ọjọ́ kan, kò yẹ kí a kà á mọ́ oúnjẹ ìpamọ́ rárá.

Àwọn òǹkàwé mìíràn béèrè nípa ọbẹ̀ tí a ń gbé kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ nígbà tí kò bá sí iná. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó hó káàkiri inú ìkòkò, kì í ṣe ní etí nìkan, ẹ má ṣe fi ṣíbí tí a ti fi jẹun bù ú, kí ẹ sì sè é ní ìwọ̀n tí yóò tán láàárín ọjọ́ kan. Ìrẹsì tí a sè tó sùn síta kò ní irú àǹfààní yìí: oró tí ó lè wà nínú rẹ̀ kì í kú sínú gbígbóná. Ẹ máa se èyí tí ẹ ó jẹ tán.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀wà ni mo ń tà, mo sì ń tọ́jú díẹ̀ sílé fún ọ̀wọ́n. Àwọn kan ní kí n fi oògùn apakòkòrò olómi díẹ̀ sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, pé bí a bá fọ̀ ọ́ kí a tó sè é, kò sí wàhálà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òtítọ́ ni? Ìyá ẹlẹ́wà, Ìjẹ̀bú-Igbó.

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìyá wa, ẹ má ṣe dán an wò. Oògùn dichlorvos tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper kò sí fún oúnjẹ rárá. Májèlé tó ń kọlu iṣan ara ni, fífọ ẹ̀wà kò sì lè yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Nítorí oògùn yìí ni àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fi dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró ní ọdún 2015, ní ọdún 2019 ni NAFDAC sì fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀. Àwọn oníbàárà yín gbẹ́kẹ̀ lé yín pé ọmọ wọn lè jẹ ohun tí ẹ wọ̀n fún wọn.

Ohun tó ń pa kòkòrò ẹ̀wà láìsí oògùn ni àìsí afẹ́fẹ́. Láti oko ni abo kòkòrò náà ti máa ń lẹ ẹyin mọ́ èèpo ẹ̀wà, ìdin tí ẹyin náà bá pa á lu ẹ̀wà wọ inú, ìdí sì nìyí tí ẹ̀wà tó mọ́ tónítóní lójú fi lè di ìyẹ̀fun láàárín oṣù mélòó kan. Bí ẹ bá dà á sínú ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kòkòrò inú rẹ̀ yóò lo ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tán, kò ní lè jẹun, kò ní lè bí, yóò sì kú. Ẹ lo kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ti fọ̀ tí ó sì gbẹ pátápátá. Ẹ sá ẹ̀wà náà, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n kí àyè má ṣe ṣófo, kí ẹ sì dé e pinpin. Ẹ má ṣe ṣí i títí oṣù kan ó kéré tán yóò fi kọjá. Fún àpò ńlá, àpò onípele mẹ́ta wà tí wọ́n ń pè ní PICS: nàílọ̀nù nínípọn méjì nínú, àpò híhun lóde. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kamẹrúùnù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, nítorí ẹ̀wà gan-an ni wọ́n sì ṣe ṣe é. Ẹ so ẹnu ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀wà tó bá pẹ́ ju ọdún kan lọ kò ní bàjẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò le láti jinná, gáàsì tí ẹ ó sì fi sè é yóò pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè se ata, tòmátò àti àlùbọ́sà lílọ̀ sínú ìgò, kí n da òróró lé e lórí, kí n sì gbé e sórí sẹ́ẹ̀fù fún oṣù mẹ́ta? Ìyàwó ilé, Ìpẹru-Rẹ́mọ.

ÌDÁHÙN: Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é nígbà tí tòmátò bá pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n n kò lè gbà yín níyànjú pé kí ẹ gbé e sórí sẹ́ẹ̀fù. Tòmátò kan díẹ̀, ata àti àlùbọ́sà kò sì kan tó. Nínú ohun tí kò kan tó, tí a sì fi òróró dí afẹ́fẹ́ mọ́, kòkòrò kan lè hù tó ń tu oró tó ń fa àìsàn tí a ń pè ní botulism. Oró yìí máa ń rọ iṣan ara ènìyàn títí mímí yóò fi nira, kì í sì í fi òórùn tàbí àwọ̀ hàn ní gbogbo ìgbà. Bíbọ̀ lásán nínú ìkòkò wa kò lè pa irúgbìn kòkòrò náà, nítorí pé ó fẹ́ ìgbóná tó ju ti omi híhó lọ. Irúgbìn kan náà yìí ni ó fà á tí a kò fi gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan ní oyin lá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ èyí fún àwọn ìyá àgbà ilé.

Èyí tí ẹ bá lọ̀, ẹ sọ ọ́ sínú òtútù, kí ẹ sì lò ó tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Fún sẹ́ẹ̀fù, ata gbígbẹ ni. Ẹ là á, ẹ yọ irúgbìn bí ẹ bá fẹ́, ẹ sá a títí yóò fi ṣẹ́ wẹ́kú bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ ní ìwọ̀n tí ẹ nílò. Tòmátò inú agolo kò wọ́n ju ìlera yín lọ.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgọ́-Ìwòyè, yàrá kan ni mo ní, kò sí fírísà, owó mi kò sì pọ̀. Kí ni kí n ní nílé?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, gààrí nínú ike tó há, ẹ̀pà sísun, ẹ̀wà, mílíìkì oníyẹ̀fun, ẹja inú agolo díẹ̀, iyọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì omi kan. Má ṣe dáná èédú nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Etí omi ni a ń gbé, ní apá Ìwọpin. Lọ́dọọdún ni a máa ń bẹ̀rù àkúnya omi. Gbogbo ìmọ̀ràn tí a ń gbọ́ dá lórí oúnjẹ, ṣùgbọ́n omi ni a kì í rí mu nígbà tí omi bá gba gbogbo ilẹ̀. Bàbá kan, agbègbè etí omi Ògùn.

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ yín bọ́ sí i, bàbá. Fún mímu àti sísè nìkan, ẹ ṣírò lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́. Ilé ènìyàn mẹ́fà yóò nílò lítà 72 fún ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́ta ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gẹ́lẹ́. Bí a bá fi ìwẹ̀ àti fífọ nǹkan kún un, lítà 15 fún ẹnì kan lójúmọ́ ni àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń lò gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tó kéré jù. Ẹ kún kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í le, ẹ gbé wọn sí ibi gíga, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi inú wọn.

Bí omi ìpamọ́ bá tán, àkúnya omi tó ti gba ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá kò ṣeé mu bí ó ti wà, onígbáméjì sì ni ó máa ń tẹ̀lé e. Álọ́ọ̀mù tí a máa ń rò sínú omi yóò jẹ́ kí ìdọ̀tí rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò àrùn. Ẹ jẹ́ kí ó tòrò, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá sè é títí yóò fi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Inú ohun tó ní ìdérí ni kí ó ti tutù, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ki ife bọ inú rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ohunkóhun tí omi náà bá kàn tí kì í ṣe inú agolo tí a dí pa, ẹ dà á nù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nàílọ̀nù bò ó. Agolo tí kò lu, tí kò wú, tí kò sì dípẹtà ni kí ẹ fọ̀ dáadáa kí ẹ tó ṣí i. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé létí omi mọ ẹja sísun ju gbogbo wa lọ, èmi kò ní kọ́ yín ní èyí. Mo kàn fẹ́ kí agbọ̀n rẹ̀ kan máa wà ní òkè àjà lásìkò òjò, kí sítóòfù kan tàbí sílíńdà gáàsì kékeré sì wà ní ibi tí omi kò lè dé, nítorí igi ìdáná tó ti rẹ sómi kò wúlò. Níta tàbí lábẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni kí ẹ ti dáná. Èéfín èédú àti ti jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, ó sì máa ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn ọmọ mi kò fẹ́ jẹ gààrí àti ẹ̀wà nìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ǹjẹ́ oúnjẹ tiwa kan wà tí a lè sè dáadáa láìsí fírísà, láìsí ọjà? Ìyá àgbà, Ìkẹ́nnẹ́-Rẹ́mọ.

ÌDÁHÙN: Ó wà, màmá, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè. Ìkọ́kọrẹ́ ni. Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ewùrà, epo pupa, ata, àlùbọ́sà, ẹja gbígbẹ, edé, ìrú bí ẹ bá ń fi sí i, àti iyọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó nílò òtútù. Ewùrà tí kò ní egbò lára yóò wà fún oṣù mélòó kan bí ẹ bá tò ó sórí pákó ní ibi tó ṣókùnkùn, tó tutù, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí. Ẹ má ṣe tò wọ́n gun ara wọn gègèrè, ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yọ èyí tó bá ti rọ̀ kúrò kí ó má baà ran èyí tó kù. Àlùbọ́sà náà fẹ́ irú ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ewùrà díẹ̀. Epo pupa ni kí ẹ gbé kúrò níbi tí oòrùn ti ń tàn sí i.

Fún ènìyàn mẹ́fà, ewùrà tó tó kílò méjì yóò ká wọn. Ẹ rẹ ata gbígbẹ sínú omi gbígbóná díẹ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ gún un pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ẹ gbé e kaná pẹ̀lú epo pupa, edé, iyọ̀, àti ẹja gbígbẹ tí ẹ ti fi omi gbígbóná fọ̀ tí ẹ sì ti yọ egungun rẹ̀, kí ẹ da omi sí i títí yóò fi tó ọbẹ̀ tó ṣàn. Bí ó bá ń hó ni kí ẹ bó ewùrà, kí ẹ rin ín, kí ẹ sì fi iyọ̀ díẹ̀ pò ó. Ẹni tí ewùrà máa ń yún lọ́wọ́ lè fi epo pa ọwọ́ kí ó tó bó o. Ẹ máa fi ọwọ́ bù ú sínú ọbẹ̀ híhó náà ní kókó kókó, ẹ dín iná kù, kí ẹ sì dé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 láìrò ó, kí kókó rẹ̀ lè dì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rọra rò ó, kí díẹ̀ nínú kókó náà fọ́ sínú ọbẹ̀ kí díẹ̀ sì kù. Ìkòkò kan ṣoṣo ni ó gbà, iná kan ṣoṣo, omi tí a fi sè é sì wà nínú oúnjẹ fúnra rẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì nígbà tí gáàsì àti omi kò bá tó.

Bí ewùrà bá ṣẹ́kù, ẹ fi dín òjòjò fún àwọn ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ kò tí ì rin ni kí ẹ tọ́jú. Ewùrà tí a ti rin kì í pẹ́ kí ó tó dúdú, kò sì ní dúró títí di ọjọ́ kejì láìsí fíríìjì, nítorí náà ẹ ṣẹ́ ìwọ̀n tí ẹ ó lò kúrò lára rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ ti gé gbẹ, kí ẹ sì kọ́kọ́ lo èyí tó kù náà kí ẹ tó tún gé odindi mìíràn.